Nígbà tí Ọyún Bá Dé Ibùgbé Èdè: Ohun tó Yẹ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè Mọ̀ Nípa Eéwo Inú Ọpọlọ

Nínú ẹ̀kọ́ tí a ṣe nípa èdè àti ọpọlọ, orúkọ Broca àti Wernicke ni gbogbo wa há sórí nítorí ìdánwò. A ya àwòrán ọpọlọ, a fi ọfà tọ́ka síbi tí èdè ń gbé, a jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó parí. Àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ló dá mi padà sídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé orí bí àwọn tí ọpọlọ wọn ti fara pa ṣe ń pe orúkọ nǹkan ló dá lé. Rọpárọsẹ̀ ni ìwé wa sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Àìsàn mìíràn tún wà tó ń gba èdè lẹ́nu ènìyàn, tó sì ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ara wọn le tẹ́lẹ̀: eéwo inú ọpọlọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa kò ju ọ̀kan lọ. Bí aláìsàn ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹ̀rí tó ń tọ́ka síbi tí eéwo wà. Ibi tó wà ń sọ ọ̀nà tí kòkòrò gbà wọlé. Ọ̀nà tó gbà wọlé ń sọ irú kòkòrò tó ṣeé ṣe kó jẹ́, irú kòkòrò náà ni dókítà sì fi ń yan oògùn. Bí àwọn tó wà nílé bá ṣi ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìyókù á pẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí ni eéwo inú ọpọlọ?

Kò sí ẹni tí kò mọ eéwo láàárín wa. Ó máa ń yọ síni ní itan tàbí ní abíyá, á pọ́n, á wú, á máa ta ènìyàn, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì bẹ́, kí ọyún tó tú jáde. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní abscess náà nìyí: ọyún tó kó jọ síbì kan, tí ara sì mọ ògiri yí i ká. Ìdí nìyí tí mo fi yan "eéwo". Ìyá àgbà tí kò ka ìwé rárá yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ṣùgbọ́n ti inú ọpọlọ yàtọ̀ sí ti itan ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, awọ ara máa ń nà, egungun agbárí kì í nà. Bí ọyún bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọpọlọ ni yóò máa fún pọ̀. Èkejì, kò sí ìta tí yóò bẹ́ sí. Ó lè bẹ́ sínú ihò omi tó wà láàárín ọpọlọ, ìyẹn sì wà lára ohun tó léwu jù lọ tó lè ṣẹlẹ̀ sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùwádìí pín ìdàgbà rẹ̀ sí ipele mẹ́rin. Ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, kòkòrò ti wọ ara ọpọlọ, ibẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n kò tí ì sí ọyún tó dá dúró. Ní ọjọ́ kẹrin sí ìkẹsàn-án, àárín ibẹ̀ ń kú, ó ń di ọyún. Ní ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹtàlá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í hun àpò yí i ká. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá lọ, àpò náà ti le. Ìpín yìí ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú. Kí àpò tó le, oògùn nìkan lè ṣẹ́gun rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí àpò bá ti le, oògùn kì í ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa mọ́, ó sábà máa ń gba pé kí wọ́n fa ọyún náà jáde.

Ọmọkùnrin tí wọ́n rí ibi tó ń dùn ún, tí wọn ò gbà kí wọ́n tọ́jú

Ní 1861, Paul Broca ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leborgne ní ilé ìwòsàn Bicêtre, ní Faransé. "Tan" ni ìró tí ọkùnrin náà máa ń sọ lemọ́lemọ́ dípò ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé apá iwájú lọ́wọ́ òsì ló bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke ní Jámánì ṣàlàyé ibòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Ìbàjẹ́ ibẹ̀ kì í dí ẹnu. Ẹni náà á máa sọ̀rọ̀ lọ gbuurugbu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, kò sì ní í lóye ohun tí a bá ń bá a sọ. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa máa ń dúró sí. Ẹ jẹ́ ká fi ọdún méjì kún un.

Ní 1876, ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ William Macewen rí ọmọkùnrin kan tó ti fara pa lókè ojú òsì. Lẹ́yìn náà ni ibà dé, gìrì ń mú apá ọ̀tún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan láyé nígbà náà tó lè wo inú agbárí. Röntgen kò tí ì ṣàwárí X-ray, 1895 nìyẹn. Ohun tí Macewen ní kò ju ojú, etí, àti ìmọ̀ tí Broca fi sílẹ̀ lọ. Ó pa á pọ̀: ọgbẹ́ wà lókè ojú òsì, gìrì wà lápá ọ̀tún, èdè sọnù. Ó ní ọyún wà ní apá iwájú ọpọlọ lọ́wọ́ òsì, níbi tí Broca tọ́ka sí gan-an. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lu agbárí, kí òun fa ọyún náà jáde. Wọn ò gbà. Ọmọ náà kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó gbà kí Macewen ṣe iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ibi tó sọ náà ló sì bá ọyún.

Nígbà tí mo kà á, ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé àìlèsọ̀rọ̀ ọmọ náà wà lára ohun tó júwe ọ̀nà. Ọdún 15 péré ni ìmọ̀ Broca ṣì ní láyé, ẹnì kan sì ti lè fi í rí ọyún nínú agbárí tí kò là. Ní 1893, Macewen tẹ ìwé jáde lórí àwọn àrùn ọlọ́yún inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Nínú aláìsàn 19 tó ṣe iṣẹ́ abẹ eéwo ọpọlọ fún, 18 ló yè. Pẹnisílíìnì kò tí ì dé ayé nígbà náà.

Etí tó ń ṣọyún, àti oríṣi ọ̀rọ̀ méjì tó ń bàjẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni kòkòrò ń gbà dé ọpọlọ. Ọ̀kan ni láti ibi tó sún mọ́ ọn: etí, ihò inú egungun ojú tí kata ti bà jẹ́, tàbí eyín tó jẹrà. Èkejì ni inú ẹ̀jẹ̀: láti inú ẹ̀dọ̀fóró tó ní àrùn, tàbí lára ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú irú àbùkù ọkàn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan fo ẹ̀dọ̀fóró dá, tí kòkòrò inú rẹ̀ kò sì rí asẹ́ kọjá. Ẹ̀kẹta ni ojú ọgbẹ́: jàǹbá ọkọ̀, ọta ìbọn, tàbí iṣẹ́ abẹ orí.

Ti etí ló kan àwa onímọ̀ èdè jù lọ. Egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni òrùlé ihò àárín etí. Lókè òrùlé náà ni apá ọpọlọ ẹ̀gbẹ́ etí wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọpọlọ kékeré tó ń tọ́ ìṣesí ara sọ́nà wà. Bí etí bá ń ṣọyún fún oṣù tàbí ọdún, ọyún náà lè jẹ egungun yẹn títí yóò fi ráyè kọjá. Nítorí náà, eéwo tó ti etí wá sábà máa ń wà ní ọ̀kan nínú ibi méjì yìí. Méjèèjì ló lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo apá ẹ̀gbẹ́ etí òsì. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 àwọn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àti nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì, apá òsì ọpọlọ ni èdè wọn wà. Bí eéwo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, orúkọ nǹkan ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo hun yìí. Ẹ fi ọ̀bẹ han aláìsàn, á ní, "Èyí tá a fi ń gé ẹran." Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ hàn án, á ju ọwọ́ bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn, á ní, "Ìyẹn, ti ooru yẹn." Gbólóhùn rẹ̀ já gaara, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, àwọn wúnrẹ̀n gírámà wà ní ipò wọn, ohùn ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni kò rí mú. Afásíà orúkọ nìyí.

Ẹ wá wo ọpọlọ kékeré. Orúkọ kò sọnù níbẹ̀. "Ọ̀bẹ" ni yóò pè é, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ á wúwo, sílébù á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti ẹni tó mu ẹmu yó. Yóò máa rìn tàgétàgé, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ṣi ohun tó fẹ́ mú. Èyí kì í ṣe afásíà. Èdè rẹ̀ pé, àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀ ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìyàtọ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní ọdún kìíní láàárín èdè àti ìfọ̀ náà nìyẹn, tó wá di ìyàtọ̀ láàárín ibi méjì tí abẹ lè lọ.

Ẹ̀kẹta tún wà. Bí ọyún bá ti pọ̀ jù, tí ọpọlọ sì ti fún pọ̀, aláìsàn á máa tòògbé, kò ní í dáhùn mọ́. Kò sí ìdánwò èdè tó lè tọ́ka síbì kan pàtó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ yí padà fi níyì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ló sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà náà, dókítà ò tí ì dé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, bí etí ọmọ bá ń ṣọyún, àdín ni wọ́n máa ń kán sí i, wọ́n á ní "á gbẹ tó bá yá." Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ló ń gbẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń di eéwo inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá wá ń ní ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tó ń pe ṣíbí ní "nǹkan ọbẹ̀," ta ni yóò rántí etí? Wọ́n á ní ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá sì burú sí i, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú, tàbí pé àwọn ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ò jìnnà.

Bí wọ́n ṣe ń rí i

Àwọn ìwé ìṣègùn máa ń ka àmì mẹ́ta: ẹ̀fọ́rí, ibà, àti àìlera ibì kan pàtó, bí ọwọ́ tó rọ tàbí ọ̀rọ̀ tó sọnù. Ṣùgbọ́n àtúngbéyẹ̀wò ńlá kan tó jáde ní 2014, tó kó ìwádìí 123 lórí aláìsàn 9,699 pọ̀, fi hàn pé nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 péré ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ara rẹ̀ ò gbóná, nítorí náà kì í ṣe kòkòrò." Ibà lè má sí rárá.

Ohun tó yí ìtọ́jú àìsàn yìí padà jù lọ ni ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú agbárí. Ní 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní London. Òun àti Allan Cormack ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Bí wọ́n bá fa oògùn amáwòránhàn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, eéwo sábà máa ń yọ bí òrùka: etí rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n kókó jẹjẹrẹ náà lè yọ bí òrùka. Oríṣi àwòrán MRI kan wà tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ara. Ọyún ki, omi kì í lè rìn nínú rẹ̀, nítorí náà á tàn yòò, nígbà tí omi inú kókó kì í sábà tàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń ṣọ́ra fún. Bí dókítà bá fura sí eéwo inú ọpọlọ, kì í sáré gba omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àrùn yírùnyírùn. Bí omi bá dín kù nísàlẹ̀ nígbà tí ọyún ń tì látòkè, ọpọlọ lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ìyẹn sì lè pa aláìsàn.

Ẹ̀rí tó dájú jù ni ọyún fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á lu ihò kékeré sí agbárí, á fi abẹ́rẹ́ fa ọyún, wọ́n á sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù. Bí ara aláìsàn bá ṣì le díẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ náà sì lè wáyé láàárín wákàtí 24, ìlànà àwọn oníṣègùn Yúróòpù gbà kí wọ́n dá oògùn dúró díẹ̀ títí wọn yóò fi fa ọyún, kí oògùn má baà pa ẹ̀rí run. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ ká ṣọ́ra fún oògùn apakòkòrò tí à ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì láìrí dókítà. Ó lè má tó láti wo eéwo sàn, síbẹ̀ kó tó láti jẹ́ kí kòkòrò kọ̀ láti hù nínú àyẹ̀wò.

Kòkòrò ń yí, orúkọ ń yí, ojú tí a fi ń wò wọ́n náà ń yí

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo rí tí ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí gbà yí padà, ẹ ó sì rí i pé kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló ti ọ̀dọ̀ kòkòrò wá.

Èkíní, ojú wa ló kọ́kọ́ yí padà. Nígbà kan, wọ́n á fa ọyún, wọ́n á gbé e sí yàrá àyẹ̀wò, ohunkóhun kò ní í hù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí kòkòrò níbẹ̀. Ní 1963, Heineman àti Braude ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ irú ọyún bẹ́ẹ̀ kún fún kòkòrò tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀síjìn rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń pa wọ́n kí wọ́n tó lè hù nínú àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa afẹ́fẹ́ mọ́, Bacteroides, Fusobacterium àti àwọn ìbátan wọn yọjú. Ìdí nìyẹn tí metronidazole, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Flagyl, fi di ara oògùn àìsàn yìí.

Èkejì, orúkọ yí padà. Kòkòrò ẹnu kan wà tó fẹ́ràn àti máa ṣe eéwo. Streptococcus milleri ni wọ́n ń pè é látijọ́, láti fi bọlá fún Miller, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Berlin. Lónìí, ìdílé anginosus ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti pín in sí mẹ́ta: anginosus, intermedius àti constellatus. Ẹni tó bá ka ìwé àtijọ́ tó tún ka ti òde òní lè rò pé kòkòrò kan ti lọ, òmíràn sì ti dé. Àwa tí a ti kọ́ bí orúkọ èdè kan ṣe ń di mẹ́ta lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀ka-èdè, a ò gbọdọ̀ bọ́ sínú pàkúté yẹn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé yí padà. Níbi tí wọ́n ti ń tètè tọ́jú etí, eéwo tó ń ti etí wá ti dín kù. Ti iṣẹ́ abẹ orí àti jàǹbá wá ń hàn sí i, èyí tó sábà máa ń gbé Staphylococcus aureus àti àwọn kòkòrò ilé ìwòsàn dání. Lára àwọn tí agbára ìdáàbòbò ara wọn ti dín kù, bí ẹni tó ní HIV tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, Toxoplasma, Nocardia àti fọ́ńgáì ni dókítà máa ń rò mọ́ ọn. Nínú àtúngbéyẹ̀wò 2014 yẹn, Streptococcus ṣì ló pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 34 nínú 100, Staphylococcus tẹ̀ lé e pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 18. Ṣùgbọ́n ti etí ní àwọn tirẹ̀: Proteus, Bacteroides, àti Pseudomonas nígbà mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ti lè mọ kòkòrò láì jẹ́ kó hù. Gbogbo bakitéríà ló ní àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní 16S. Ó jọra lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi kéékèèké tó yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà. Bí wọ́n bá ka ibi tó yàtọ̀ yẹn, wọ́n á mọ ẹni tó ni ín. Àwọn olùwádìí ní Marseille fi ọ̀nà yìí wo ọyún inú ọpọlọ, kòkòrò tí wọ́n rí sì ju èyí tó hù nínú àwo lọ ní ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ẹnu àti eyín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìtọ́jú

Kí èsì àyẹ̀wò tó dé, dókítà á fi oògùn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó fura pé kòkòrò gbà wọlé. Fún eéwo tí aláìsàn gbé wá láti ilé, ceftriaxone tàbí cefotaxime pẹ̀lú metronidazole ni wọ́n sábà ń lò. Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ orí tàbí ọgbẹ́, wọ́n á wá èyí tó lágbára lórí Staphylococcus olórí kunkun, bíi vancomycin, pẹ̀lú irú meropenem. Bí wọ́n bá fura sí Pseudomonas láti etí, ceftriaxone kò ní í tó, nítorí kì í ràn án. Ẹ rí i pé ìbéèrè kékeré nì, "Ṣé etí rẹ̀ ń ṣọyún tẹ́lẹ̀?" lè yí oògùn padà.

Eéwo tó bá ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ sábà máa ń nílò kí wọ́n fa ọyún rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oògùn inú iṣan á máa lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tàbí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí wọ́n bá ti gé gbogbo àpò náà kúrò. Wọ́n á máa tún àwòrán yà láti mọ̀ bóyá ó ń dín kù. Wọ́n lè fún un ní oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, àti ti gìrì. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú orísun rẹ̀, yálà etí tàbí eyín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọyún mìíràn á tún dé.

Àtúngbéyẹ̀wò tí mo mẹ́nu bà fi hàn pé láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, iye àwọn tó ń kú dín kù láti ìdá 40 sí ìdá 10 nínú 100, iye àwọn tó ń sàn pátápátá sì gòkè láti 33 sí 70. Nílùú wa níbí, ọdún 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, padà wá sí UCH Ìbàdàn láti dá ẹ̀ka iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kù ọdún mẹ́sàn-án kí CT tó ya aláìsàn àkọ́kọ́. Akéwì ni ọkùnrin náà pẹ̀lú, kò sì yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ ló yan iṣẹ́ yẹn.

Kí ló wá kàn wá?

Ẹnì kan lè ní, "Àwọn dókítà ní ẹ̀rọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi onímọ̀ èdè ṣe?" Ẹ̀rọ kì í wá sílé pàdé aláìsàn. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti yí, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Mo rí iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀ka wa lè ṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àtòjọ àwòrán fún ìdánwò orúkọ ní Yorùbá. Ẹni tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń ronú, bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í ní orúkọ nǹkan tí kò sì lè dáhùn, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá eéwo ló gbà á tàbí pé kò mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ́lẹ̀? Àwòrán náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ń rí lójoojúmọ́: ìgbálẹ̀, odó, ọkọ́, abẹ̀bẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ gba ti ẹ̀ka-èdè rò, kí ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú tó pe nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀ má baà gba òdo.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ohùn. Bí a bá fi ọkọ́ han aláìsàn tó sì ní "ọkọ̀," ṣé ohùn ló ṣì, ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn ló mú? Àwa la lè ṣètò ìbéèrè tí yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwa la kọ́ ọ.

Iṣẹ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ tí a ó fi bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. A lè sọ ọ́ ní gbólóhùn bíi mélòó kan: Etí tó bá ń ṣọyún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí etí, imú tàbí eyín ti ń dà láàmú, tàbí tó ti fara pa lórí, bó bá wá ní ẹ̀fọ́rí tó ń le sí i, tó ń bì, tí gìrì mú, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tàbí tí orúkọ nǹkan ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún dókítà, kódà bí kò bá bi yín. Ẹ sọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bàjẹ́: ṣé ahọ́n ló wúwo ni, àbí orúkọ ni kò rí pè?

Mo ti bẹ̀rẹ̀ àtòjọ àwòrán náà, mo sì ti kó 40 jọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ̀ọ́ wa tẹ́ ẹ wà ní ọdún kejì àti ìkẹta, tẹ́ ẹ ń wá ohun tẹ́ ẹ máa kọ àpilẹ̀kọ lé lórí, iṣẹ́ wà níbí tí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ẹni tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ ni mo nílò jù. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo máa ń wà ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa.